Àsẹ́ Epo Tí Bàbá Fi Èémí Yàn

"Sún mọ́ mi," ni Bàbá wí, mo sì gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi sún mọ́ àsẹ́ epo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ dí ìsàlẹ̀ àsẹ́ náà, ó fẹnu bo ihò tó wà lókè, ó sì fẹ́ ẹ. Atẹ́gùn tó gba ara rẹ̀ jáde lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń ta òórùn orógbó àti epo ọkọ̀. Ó yí àsẹ́ náà díẹ̀, ó tún fẹ́ ẹ, ó tún yí i, títí ó fi yí i po. Ó wá béèrè bóyá ó kàn mí níbi gbogbo. Mo ní ó kàn mí. Ó ní kí n rò ó dáadáa, pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Mo rò ó, mo tún sọ pé ó kàn mí, ó bá wé àsẹ́ náà sínú aṣọ funfun kan, ó sì gbé e fún mi kí n gbé e lọ sílé.

Ó ṣeé ṣe kí n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, ní àdúgbò Akron, ní Àjàṣẹ́ wa yìí, ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí Dahomey gba òmìnira. Bàbá kì í ṣe ẹbí mi. Yàrá rẹ̀ ló dojú kọ tiwa nínú agbo ilé. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ìyá mi ló ń se oúnjẹ rẹ̀, èmi ni mo sì ń gbé abọ́ lọ, tí mo ń gbé abọ́ bọ̀. Ẹ má bínú pé mò ń pè é ní "ó" bí ẹni pé ẹgbẹ́ mi ni. Mo ti ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ báyìí, mo sì ti bá a jà lọ́kàn mi, mo ti bá a parí ìjà, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀wọ̀ ojú ayé ti tán láàárín wa.

Ó ti wakọ̀ fún òyìnbó Faransé kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí òyìnbó náà ń lọ sílé rẹ̀ pátápátá, ó fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún un. Ọkọ̀ dúdú ni, ó dàgbà jù mí lọ, ilẹ̀kùn rẹ̀ kan kì í sì í ṣí láti inú. Òun nìkan ni ọkọ̀ tó wà ní àdúgbò wa, nítorí náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí kò wọ̀ ọ́ rí: aboyún tí ọmọ ń mú, arúgbó tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, aláìsàn, òkú pàápàá. Bàbá a máa sọ pé òkú ló mọ ọkọ̀ wọ̀ jù, torí kì í sọ fún awakọ̀ pé kó rọra.

Ohun tó fi ń dààmú ara rẹ̀ jù lára ọkọ̀ náà ni àsẹ́ epo, èyí tí àwọn tó lọ ilé ìwé ń pè ní fílítìrì. Ó rí rubutu, ó ga tó ife ìmumi, páànù wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀, òwú líle tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ ló yí i ká, ihò sì wà láàárín. Inú òwú yẹn ni epo ẹ́ńjìnnì ń gbà kọjá kí ìdọ̀tí má bàa bá a lọ. Bàbá bi mí bóyá mo ti wo aṣọ tí ìyá mi fi ń sẹ́ ògì. Bí ojú aṣọ bá là jù, èèrí á bọ́ sínú ògì. Bó bá dí jù, omi kò ní í kọjá, a ó kàn máa fún aṣọ títí ọwọ́ á fi bó. Ó ní ẹ́ńjìnnì tuntun lè fara da àsẹ́ tó dí díẹ̀, ṣùgbọ́n ti arúgbó kò lè fara dà á, torí epo gbọ́dọ̀ tètè dé gbogbo oríkèé rẹ̀.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé wọn kò ṣe àsẹ́ irú ọkọ̀ náà mọ́. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ mìíràn ni Bàbá ń wá, kó yan èyí tó bá tirẹ̀ mu. Ó ní okùn kan tó so kókó méjì sí, òun ló fi ń wọn gíga rẹ̀. Ó ń ki ìka sínú ihò rẹ̀ kó lè mọ bó ṣe fẹ̀ tó. Ó ń fi èékánná tẹ rọ́bà etí rẹ̀ bóyá yóò padà sípò. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ló ń fẹ́ ẹ. Èémí gbọ́dọ̀ kọjá, ṣùgbọ́n kó ṣe wàhálà díẹ̀ kó tó kọjá, kó sì jáde bákan náà yíká. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ló ń lò nítorí ó ní epo gbígbóná ti pa awọ ọwọ́ òun, kò mọ atẹ́gùn lára mọ́. Bí mo ṣe gba iṣẹ́ nìyẹn. Mo máa ń fọ ojú mi dáadáa lọ́jọ́ tí a bá ń lọ ra àsẹ́.

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan ní ọjà Ouando la ti ń rà á. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó kọ́ àtúnṣe ọkọ̀ lọ́dọ̀ Bàbá fún ọdún mẹ́ta, ọwọ́ rẹ̀ kò gba iṣẹ́ náà, ó bá lọ ń ta ẹ̀yà ọkọ̀. Ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta ẹja gbígbẹ, ohun gbogbo tó ń tà ló sì ń ta òórùn ẹja. Bí Bàbá bá yọ lókèèrè, ọkùnrin yìí á dọ̀bálẹ̀ nínú eruku láìwo aṣọ tó wọ̀, á gbé àpótí sí ibòji fún un, á bu omi tútù wá. Ó ti ní ìyàwó àti ọmọ, irun funfun ti ń yọ nírùngbọ̀n rẹ̀, síbẹ̀ kò jókòó níwájú ọ̀gá rẹ̀ rí lójú mi.

Ọyẹ́ ọdún kan ni ikọ́ mú Bàbá. Mo máa ń gbọ́ ọ láàárọ̀ kùtù nígbà tí mo bá ń gbálẹ̀, ikọ́ gígùn kan tó máa ń parí sí ìfé bí ìfé ìkòkò omi tó ń hó. Gbogbo agbo ilé ní ọyẹ́ ni. Nígbà tí ọyẹ́ lọ, wọ́n ní eruku ni. Nígbà tí òjò kọ́kọ́ rọ̀, wọ́n ní òórùn ilẹ̀ tútù ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, láàárín àwọn akọrin ọkùnrin tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀, Bàbá ṣì ń dúró síbi tó ti ń dúró láti ìgbà èwe rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé, kò sì sí ohun kan tó ń jáde. Bí ìsìn bá parí, wọ́n á wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n á ní ohùn yín dùn lónìí. Èmi náà gbọ́ ọ, mo sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ṣe ń bára wọn gbé.

Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ránṣẹ́ láti Avrankou. Ibẹ̀ ló ti lọ́kọ, ó ti pẹ́ tí ọkọ náà kú, ara òun fúnra rẹ̀ kò sì gbé e mọ́. Kò fẹ́ dókítà, kò fẹ́ oògùn. Ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ ni pé kí wọ́n gbé òun wá sí Akron kí òun kú sínú yàrá tí wọ́n ti bí òun, nínú ilé bàbá wọn tó wà ní ojúlé kẹta sí tiwa. Ẹni tó jíṣẹ́ náà ní ó lè má lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Bàbá ní kí wọ́n sọ fún un pé ọjọ́ Àbámẹ́ta òun ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ti ń gbóná jù, àsẹ́ tó wà nínú rẹ̀ ti dí, Bàbá sì ní òun kò lè gbé ẹni tó ń kú lọ sínú ọkọ̀ tó ń ṣàìsàn. Ọjọ́ Ajé la lọ sí Ouando.

Àsẹ́ méje ni ọkùnrin náà kó síta. Gbogbo wọn bá okùn mu, rọ́bà wọn dára. Bàbá gbé èyí àkọ́kọ́, ó fẹ́ ẹ. Ọrùn rẹ̀ le, iṣan yọ ní àtàrí rẹ̀.

"Ṣé ó kàn ọ́?"

"Rárá, Bàbá."

Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó mú èkejì. Kò kàn mí. Ẹ̀kẹta kò kàn mí. Mo ń sọ òtítọ́, torí ohun tí wọ́n mú mi wá ṣe nìyẹn, mo sì ń fi iṣẹ́ mi yangàn. Nígbà tó dé orí ẹ̀karùn-ún, ó ní láti jókòó sinmi, ó sì ń sọ pé àwọn òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ òwú wọn jù, pé gbogbo àsẹ́ ayé ti dí. Ọkùnrin náà dúró, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo èémí ọ̀gá rẹ̀ tó ń wọlé tó ń jáde. Mo rí i pé ó yé e. Nígbà tí Bàbá gbé ìkeje sílẹ̀, tó sì bo ojú, tó ní òun yóò wá sọ kí ni fún ẹ̀gbọ́n òun, ọkùnrin náà ní kéèsì àsẹ́ kan ṣì kù lẹ́yìn ìsọ̀. Ó kó àwọn tí a kọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́, ó ní kí n wá bá òun di aṣọ ẹnu ọ̀nà mú.

Kò sí kéèsì kankan lẹ́yìn. Ẹ̀kẹta nínú àwọn tí a kọ̀ ló gbé kalẹ̀, mo mọ̀ ọ́n nítorí páànù rẹ̀ tẹ̀ wọnú níbì kan. Ó mú òòlu ẹnu mímú tó fi ń lu ihò sára bẹ́líìtì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu ihò sára òwú náà yíká, ó ń lù ú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ó má bàa dún. Ó rí i pé mò ń wo òun.

"Má sọ fún wọn o," ó ní. "Èémí wọn ti tán. Bí wọ́n bá mọ̀, ojú á tì wọ́n. Ihò kékeré ni, Avrankou kò sì jìnnà."

Bí a ṣe padà dé iwájú, Bàbá fẹ́ ẹ. Atẹ́gùn rọra bà mí lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó yí i, ó tún fẹ́ ẹ, ó tún kàn mí. Ó bi mí, mo ní ó kàn mí, òtítọ́ sì ni. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó gbá ọmọṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ léjìká, ó ní òun mọ̀ pé ọ̀kan ṣoṣo á wà ńbẹ̀. Tayọ̀tayọ̀ ló fi rin ọ̀nà ilé. Èmi ni mo gbé àsẹ́ náà nínú aṣọ funfun, ó sì wúwo lọ́wọ́ mi.

Mo gbìyànjú láti sọ ọ́. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ jẹ́rìí mi. Ìyá mi ń fẹ́ná lábẹ́ ìkòkò nígbà tí mo dé, mo ní Bàbá kò lè fẹ́ àsẹ́ mọ́, pé ọkùnrin ọjà... Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó ní kí n yé fi àgbàlagbà ṣe ọ̀rọ̀ sọ, pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo mẹ́nu, mo métè. Ọ̀ràn náà bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi bákan náà.

Bàbá fi àsẹ́ náà sí ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì, ó da epo tuntun sí i, ó sì fi ọ̀sẹ̀ náà wà á káàkiri ìgboro láti wò ó. Ó ní ara rẹ̀ ti fúyẹ́. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ìyá mi ní kí n bá a lọ, kí n lè di orí ìyá náà mú nínú ọkọ̀. A dé Avrankou kí oòrùn tó mú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti múra láti ọjọ́ tó ṣíwájú, aṣọ funfun ìsìn, gèlè funfun, ìwé orin lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni kò ríran mọ́. Àwọn ọmọ ọkọ rẹ̀ gbé e síta. Bàbá tẹ̀ ba, ó kí i. Ìyá náà dẹ etí sí i.

"Èémí rẹ kò dára," ó ní.

"Ọyẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ọyẹ́ wo? A ti gbin àgbàdo."

Bàbá fi ṣe ẹ̀rín, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ bá a rẹ́rìn-ín, a sì gbé ìyá náà wọ ọkọ̀. Nínú gbogbo wa, òun nìkan ló sọ ọ́ sí i lójú, ikú ló kù tó ń retí, kò ní ẹni tí yóò ṣojú ayé fún.

A kò tíì rin ìdajì ọ̀nà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀. Ó kọ́kọ́ dún kọ́, kọ́, kọ́, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Abẹ́rẹ́ tó ń fi agbára epo hàn níwájú Bàbá sọ̀ kalẹ̀, kò gbéra mọ́. Òórùn jíjó gba inú ọkọ̀. Bàbá yà sẹ́bàá ọ̀nà lábẹ́ ọ̀pẹ, ẹ́ńjìnnì sì kú pẹ̀lú ariwo kan tí mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí, bí irin méjì ṣe ń há mọ́ra. Ó ṣí i, èéfín bò ó lójú. Ó ki irin tí wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì bọ̀ ọ́, ó gbé gbogbo ara lé e, kò yí. Ó wá dúró, ó di ọkọ̀ mú, ó ń wá èémí.

Oníkẹ̀kẹ́ kan kọjá, Bàbá bẹ̀ ẹ́ kó bá òun dé Àjàṣẹ́, kó wá ọkọ̀ tí yóò wá gbé wa. A bẹ̀rẹ̀ sí í retí. Oòrùn gun orí, ibòji ọ̀pẹ sún kúrò lórí wa, mo ń fi ìwé orin fẹ́ ìyá náà. Orí rẹ̀ wà ní itan mi. Ó béèrè bóyá a ti dé, Bàbá ní ó kù díẹ̀. Ó tún béèrè, Bàbá tún ní ó kù díẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Nígbà tó béèrè lẹ́ẹ̀kẹta, Bàbá wá sí ojú fèrèsé, ó di ilẹ̀kùn mú.

"A ti dé, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Iwájú ilé bàbá wa la wà yìí."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í júwe rẹ̀ fún un. Ó ní àtẹ̀gùn bíríkì nìyí, wọn ò tíì tún èyí tó fọ́ ṣe. Ó ní fèrèsé tí bàbá wọn kùn ní àwọ̀ aró nìyí, ìkòkò omi ìyá wọn ṣì wà ní ẹnu ọ̀nà. Igbó àti oko àgbàdo ló wà níwájú wa. Ìyá náà tẹ́tí fún ìgbà pípẹ́.

"Ilé bàbá wa kì í dákẹ́ báyìí," ó ní.

Kò sọ ohun mìíràn mọ́. Bàbá kò dẹwọ́, ó ń mú un wọ yàrá kan dé èkejì, ó ń sọ ibi tí ẹní wà àti ibi tí àpótí wà. Mo mọ ìgbà tí orí tó wà ní itan mi yí padà. Mi ò lè sọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, ó kàn wúwo lọ́nà mìíràn. Mi ò sọ fún un. Mo jẹ́ kó máa júwe ilé fún òkú títí ó fi bojú wòlẹ̀ fúnra rẹ̀, tó rí i.

Kámíọ̀ akẹ́rù kan tó kó àgbàdo ló gbé wa délé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìyá náà lórí àpò, Bàbá lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n sin ín sí ilé bàbá wọn bó ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n kò dé ibẹ̀ láàyè. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n fa ọkọ̀ náà wálé. Bàbá jókòó sórí àpótí níwájú rẹ̀, ó tú u wò díẹ̀díẹ̀. Ó rí fọ́nrán òwú wẹ́wẹ́ tó ti ya kúrò lára àsẹ́ tó lọ dí ojú ọ̀nà tí epo ń gbà. Ó fọ àsẹ́ náà, ó gbé e sókè sí oòrùn, ìmọ́lẹ̀ sì yọ láti inú ihò wẹ́wẹ́ tó wà yíká rẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́ mi. Ó ní ọwọ́ ènìyàn ló lu èyí.

Wọ́n ránṣẹ́ pe ọkùnrin náà láti Ouando. Ó wá, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú àwọn àgbà agbo ilé, kò sì dìde. Bàbá ju àsẹ́ náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó bi í pé ta ló lù ú.

"Èmi ni, Bàbá."

"Kí ló dé?"

Mo rí i tó gbé ojú sókè wo èmi, tó sì rọra mi orí sí mi pé rárá. Ó dojú bolẹ̀ padà.

"Iṣẹ́ Èṣù ni, Bàbá."

Àwọn àgbà pariwo lé e lórí. Ọ̀kan ní ọjà tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló fẹ́ tà dànù. Òmíràn ní ẹni tí kò lè kọ́ṣẹ́ jáde kò lè fẹ́ ire fún ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá sọ kí gbogbo ariwo náà tó rọlẹ̀, kò sì sọ ọ́. Èmi náà ní in lẹ́nu. Ọwọ́ ìyá mi wà ní èjìká mi, mo sì rí Bàbá tó jókòó, tí èémí rẹ̀ ń fé, tí gbogbo wọn ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo dákẹ́. Bàbá ní ẹ̀gbọ́n òun kú sí títì nítorí rẹ̀, kí òun má tún rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú agbo ilé náà mọ́. Ọkùnrin náà dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó jáde. Kí oṣù náà tó parí, gbogbo Ouando ti gbọ́ pé ó ń lu ọjà rẹ̀ ní ihò.

Òjò rọ̀ títí lọ́dún náà. Adìyẹ ń yé sí ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀. Bàbá kì í sábà jáde ní yàrá mọ́, ṣùgbọ́n kò fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ sílẹ̀, ó ṣì ń sọ pé bí òun bá rí àsẹ́ gidi kan, òun yóò tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe. Ará ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ń lọ sí Cotonou bá a ra ọ̀kan bọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà mo gbé oúnjẹ lọ, mo bá a tó fẹ̀yìn ti ògiri, àsẹ́ tuntun náà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní kí n sún mọ́ òun. Ó fẹ́ ẹ, ó bi mí, mo ní kò kàn mí.

Ó yí àsẹ́ náà wò. Ó wá gbé e fún mi, ó ní, "Ìwọ fẹ́ ẹ."

Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ síbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi máa ń wà, ó di ojú. Mo fẹ́ ẹ. Irùngbọ̀n funfun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mì. Ó ní kí n tún fẹ́ ẹ, mo tún fẹ́ ẹ.

"Ó ti tó ìgbà wo?" ó béèrè láìṣíjú.

"Láti ìgbà ọyẹ́, Bàbá."

"Òun náà mọ̀?"

"Ó mọ̀. Ìdí tó fi lù ú nìyẹn."

Ó ní gbogbo wa mọ̀, kì í ṣe pé ó ń bi mí. Omi jáde lójú rẹ̀, kò nù ún. Nígbà tó yá, ó ní kí n lọ sí Ouando, kí n sọ fún ọkùnrin náà pé òun ní kó wá, pé òun fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú àwọn àgbà tó gbọ́ èébú rẹ̀.

Mo sáré lọ. Obìnrin kan tó ń ta abọ́ tánganran ló wà nínú ìsọ̀ náà. Àwọn ẹlẹ́ja ní ọkùnrin náà ti kó ọjà rẹ̀ tà, ó ti kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lọ. Ọ̀kan ní Cotonou ni, òmíràn ní Èkó, kò sí ẹni tó mọ̀ ní pàtó. Bí mo ṣe ń padà bọ̀, mo ń tún un sọ lẹ́nu: ó ti lọ, Bàbá, wọn ò mọ ibi tó lọ. Mo ti pinnu pé mi ò ní í purọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọ agbo ilé, wọ́n ti gbé Bàbá jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ti wọ aṣọ funfun ìsìn rẹ̀, ìyá mi ti gbálẹ̀ iwájú rẹ̀, àpótí kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún àlejò. Ó gbé ojú sókè wò mí.

"Ó ní òun ń bọ̀, Bàbá," mo wí.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi ń wọ aṣọ fún un láàárọ̀, tí wọ́n ń gbé e jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Bó bá gbọ́ bàtà lórí sìmẹ́ńtì, á gbé orí. Ó ń bi mí bóyá mo sọ ọ́ dáadáa, bóyá ọkùnrin náà kò bínú, mo sì ń dá a lóhùn. Ní ọjọ́ kejìlá kò lè dìde. Kó tó di ọ̀sán ó kú, àwọn ènìyàn sì sọ pé ó fi ìrọ̀rùn kú. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kú pẹ̀lú èrò pé ẹni tí òun ṣẹ̀ kọ̀ láti wá, èmi ni mo sì fún un ní èrò yẹn.

Òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ la fi ń ra èké. Mo ti sọ òwe yẹn fún ọ̀pọ̀ ọmọ ní ilé ìwé tí mo ti ṣe tíṣà, n kò sì sọ fún ọ̀kankan nínú wọn ibi tí mo ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ká ní mo purọ́ ní Ouando pé àsẹ́ àkọ́kọ́ kàn mí, ìyá náà ì bá dé ilé bàbá rẹ̀. Ká ní mo sọ gbogbo òtítọ́, ì bá dé ibẹ̀ bákan náà. Ìdajì òtítọ́ ni mo sọ. Ó ń dùn mí di òní, kò sì dín kù.

Mo ti dàgbà báyìí. Ahọ́n mi kò mọ adùn mọ́, ó ti tó ọdún méjì, mo sì ń se oúnjẹ ní ọjọ́ Àìkú nígbà tí àwọn ọmọ mi bá wá láti Cotonou. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń ní ọbẹ̀ Màmá kò láfiwé. Mo mọ̀ wọ́n, èmi ni mo bí wọn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo pe ọmọ-ọmọ mi obìnrin tó kéré jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní kó sọ fún mi, lóòótọ́, bóyá iyọ̀ wà nínú ọbẹ̀ náà. Ó kọ́kọ́ wo ìyá rẹ̀ lókèèrè.

"Ó dùn, Ìyá àgbà," ó wí.

Mo gbá a mọ́ra, mo sì ń sunkún, ó rò pé inú mi dùn ni.